Àwòrán Ilé Tó Wá láti Ìfọ́n

Òórùn ọ̀dà tútù ló gba imú mi láàárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ àwòrán náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa ní Ìlobù ni, wọ́n sì ti ní kí àwọn ọmọ Ìfọ́n náà gbé tiwọn wá. Ohun kan náà ni wọ́n ní kí gbogbo wa yà: "Ilé Wa."

Mo ya páànù wa tó ti dípẹtà, mo ya màmá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Mi ò ya bàbá mi. Káfíńtà ni wọ́n, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la sì máa ń rí wọn. "Ifẹ̀ niṣẹ́ wà," ni màmá mi máa ń sọ, "ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Èmi àti màmá mi ń wo àwòrán lọ títí a fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ìfọ́n. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ kékeré lẹ́sẹ̀. Alùpùpù pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n so ayùn mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọwọ́ òsì ọkùnrin náà ò ní ìka ọmọńdinrín. Ayùn ló gé ti bàbá mi kí wọ́n tó bí mi.

Ọmọbìnrin tó yà á dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé, "Ta nìyí?"

"Bàbá mi ni. Tó bá ti di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n máa ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀."

Ìfọ́n ni bàbá mi ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀! Ìfọ́n tí a máa ń fẹsẹ̀ rìn dé! Mo wo màmá mi. Wọ́n tẹjú mọ́ ọwọ́ òsì inú àwòrán náà. Mo rò pé wọ́n á fa àwòrán náà ya ni. Ṣùgbọ́n wọ́n lóṣòó níwájú ọmọ náà, wọ́n bá a so okùn bàtà rẹ̀ tó tú.

"O mọ àwòrán yà gan-an. Ṣé o ti jẹun?"

Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n gbé wá fún mi ni wọ́n fún un. Mo bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, màmá mi pàdé bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Mo rí ọmọ yín tó wà ní Ìfọ́n. Ó yà yín bí ẹ ṣe rí gẹ́lẹ́." Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí màmá mi tó tún bá wọn ṣeré. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ọmọ náà, Bọ́sẹ̀, máa wá kí wa, àwọn ni wọ́n sì rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Nígbà yẹn, mo rò pé ẹ̀rù ló ba màmá mi tí wọn ò fi jà. Mo ti dàgbà ju bí wọ́n ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ báyìí, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò rò pé ohùn mi ì bá jáde láti bi ọmọ náà bóyá ó ti jẹun.