Ó Wà Níbẹ̀, Ó Ń Sùn Ni

Bí ẹ bá dé ọgbà ẹranko yẹn lónìí, kí ẹ tó jókòó dáadáa ni wọ́n á ti ròyìn ọjọ́ tí òkúta Bàbá Ó-Wà-Níbẹ̀ gbọn etí fún yín. Òkúta ràbàtà kan ló wà létí odò. Bí Bàbá, àgbà awakọ̀ ọgbà náà, bá ti gbé àwọn àlejò kiri inú igbó títí, tí wọn ò rí ju ọ̀bọ lọ, ọ̀kánkán òkúta yìí ló máa ń dúró sí lókèèrè, á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ rọra o. Erin nìyẹn. Ó wà níbẹ̀, ó ń sùn ni." Àwọn àlejò á máa ya òkúta ní fọ́tò. Obìnrin kan tiẹ̀ sunkún ayọ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, erin gidi ti wá fara ti òkúta náà. Bàbá ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kí òkúta tó gbọn etí. Bàbá figbe ta: "Yéè! Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́!" Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni Bàbá wa ọkọ̀ dé ẹnu géètì. Àwọn àlejò ń pariwo pé kó dúró, àwọn fẹ́ ya fọ́tò.

"Èyí kọ́ ni mo mú yín wá wò!"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí òun náà ń wakọ̀ nínú ọgbà, ni ìtìjú náà bá jù. Tirẹ̀ ni pé bí kò bá sí ẹranko, á ní kò sí ẹranko, àlejò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

"Bàbá, irọ́ lẹ ń pa fáwọn èèyàn."

"Irọ́ báwo? Ṣé erin ò sí nínú igbó yìí ni?"

"Ó wà."

"Ṣé kì í sùn ni?"

"Ó ń sùn, ṣùgbọ́n..."

"Ibi tó ń sùn sí nìkan ni mo fi kún un. Ìwọ ọmọ yìí, ẹjọ́ rẹ pọ̀ jù."

Ọjọ́ kan, ebi ń pa Bàbá, inú rẹ̀ kùn hùùù, ó yára gbé ìka sétè: "Kìnnìún nìyẹn o!" Ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kàn na búrẹ́dì sí i, kìnnìún sì dákẹ́.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ wá ibi tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ ti ń lù, kò tètè rí i. "Ẹ rọra o," ni Bàbá wí, "ó wà níbẹ̀, ó ń sùn ni." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó wá jáde síta lọ sunkún.

Wọ́n sin ín tán, ọmọ náà gba ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó la ẹnu kó ní bàbá òun ti kú, kò lè sọ ọ́. Àwọn ẹlòmíì ló ń bá a sọ ọ́. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ọdọọdún ni màmá yìí ń wá, ọkọ̀ Bàbá nìkan ló sì máa ń wọ̀.

Ó dé lóòótọ́. "Ọmọ mi, bàbá ẹ dà?"

Ọmọ náà ní kí àwọn kọ́kọ́ máa lọ ná. Wọ́n yí igbó ká, àgbọ̀nrín kan ò tiẹ̀ yọjú. Ọkọ̀ ti dúró ní ọ̀kánkán òkúta kó tó mọ̀ pé ibẹ̀ lòun wa á sí.

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ rọra o, màmá. Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ń sùn ni."

Erin kan ṣoṣo, ta ló ń pè é ní "wọ́n"? Màmá ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lédè, ó yé e. Ó rọra ṣí akẹtẹ̀ orí rẹ̀.

"Ọdún tí mo kọ́kọ́ wá ni mo ti mọ̀ pé òkúta ni," ó ní. "Ohùn wọn ni mo ń wá gbọ́."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ bọ́ lẹ́nu ọmọ náà. Màmá nu ojú ara rẹ̀, ó gbé kámẹ́rà sókè, ó sì ya òkúta náà bó ti máa ń yà á lọ́dọọdún.