Ẹṣin Tí Ìfun Rẹ̀ Jáde ní Oregun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àyà mi ò tíì balẹ̀ tán!

Ẹ mọ̀ pé dókítà ẹranko ni mí, mo sì ní kíliníìkì kékeré l'Onígbòǹgbò. Ajá àti ológbò ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n mo máa ń tọ́jú ẹṣin náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ náà ni Alhaji Mùfútáù pè mí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ní iléeṣẹ́ pákó l'Oregun, ẹ̀yìn ibẹ̀ ni wọ́n ń so ẹṣin kan ṣoṣo tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn mọ́. Wọ́n ní ẹnì kan bá àwọn tẹ ẹṣin náà lọ́dàá lánàá, pé nǹkan kan ti ń yọ jáde lójú ọgbẹ́ náà báyìí, ó sì ń gùn sí i.

Nǹkan kan kẹ̀? Ìfun ni!

Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í padà o! Ẹ rẹ aṣọ tó mọ́ sínú omi tó mọ́, ẹ fi gbé e, kí ẹṣin má baà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo ń bọ̀."

Mo pe Dókítà Adéoyè, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tí wọ́n ń gbé l'Abúlé Ẹ̀gbá. Wọ́n dé lẹ́yìn mi díẹ̀. Wọ́n wo ẹṣin náà, wọ́n mi orí. Wọ́n ní gbogbo irú ẹ̀ tí àwọn ti rí, kò sí èyí tó yè, pé abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ pátápátá ni àánú tó kù. Alhaji kàn jókòó lé pákó.

Kí lẹ̀yin ì bá ṣe?

Èmi ti ń ka àwọn ìwádìí tuntun lórí iṣẹ́ abẹ ẹṣin. Ohun tí mo rí kà ni pé bí ìfun tó jáde ò bá gùn jù, tí kò ya, tí wọ́n sì tètè dá a padà, ẹṣin lè yè. Mo sọ fún ọ̀gá mi.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí ìfun náà bá ti kú, a ò ní fìyà jẹ ẹṣin yìí mọ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́, sà."

A fún un lóògùn oorun, ó sùn sórí koríko gbígbẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ Alhaji fi okùn fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Mo ń fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ìfun náà, ọ̀gá mi ń ṣọ́ èémí rẹ̀. Ibì kan ti ń dúdú, bí èyí tó fẹ́ kú! Ihò tí ìfun náà gbà jáde ló fún un lọ́rùn; mo fi abẹ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ọ̀nà kọjá, mo fi tọ́wẹ̀lì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bò ó. A dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ ti pa ẹ̀rọ ìlapákó. Mo ṣí i, dúdú ni. Mo bò ó padà. Alhaji ń ṣe àdúà wúyẹ́wúyẹ́. Mo tún ṣí i.

Ó ti ń pọ́n!

Bí mo ṣe ń dá a padà sínú ni etí ẹṣin náà mì. Ó fẹ́ jí! Kí n tó lanu, ọ̀gá mi ti fún un ní oògùn oorun tó ṣẹ́kù. Wọ́n ní, "Má fipá tì í. Díẹ̀díẹ̀." Gbogbo rẹ̀ wọlé. Mo fi òwú tó nípọn rán ojú ihò náà pa.

Ṣé ẹ rò pé ó parí? Ìdìde gan-an ló kù! Tó bá fipá dìde, òwú lè já. Ó gbìyànjú, ó ṣubú. Mo di ojú. Nígbà tí mo máa là á, ó ti dúró, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Kò sí nǹkan tó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Kí ló wà níbẹ̀? Ìgbẹ́ ẹṣin! Mo pariwo débi pé ẹni tó gbé ajá wá sí kíliníìkì mi fò dìde. Ìfun ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn! Ọ̀gá mi náà pè, wọ́n ní kí n fi àwọn ìwádìí yẹn ránṣẹ́ sí àwọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹṣin, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe dókítà tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká máa kàwé, ká sì máa pe ẹni tó ti rí i rí ká tó mú abẹ. Èmi nìkan ò lè dá èyí ṣe láéláé.

Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ yìí, kódà bí tiyín ò yè.