Wọ́n Ní Dúpẹ́ Kò Lè Kó Ara Rẹ̀ Níjàánu

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọmọ tó bá mú ẹja nínú ọbẹ̀ kó tó jẹ púpurú rẹ̀ tán, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò ti parí oúnjẹ. Òfin bàbá mi nìyẹn nílé wa ní Ìkọ̀yà. Ẹni tó ní sùúrù, ohun gbogbo ló ní, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá máa ń wí. Àwa á máa gbé púpurú mì, ojú wa á wà lára ẹja.

Ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ ló gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ jù nínú gbogbo wa. Nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde ìwé mẹ́fà, ìyá ìyá wa fún un ní abo pẹ́pẹ́yẹ kan. Bàbá ṣèlérí fún un lójú gbogbo wa pé bí kò bá jẹ ẹyin rẹ̀, tó jẹ́ kó sàba lé wọn, àwọn ọmọ tó bá pa ni òun yóò tà fi ra aṣọ àti àpótí tí Dúpẹ́ máa gbé lọ sí mọ́dà, ilé ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé ìwé mẹ́fà láyé ìgbà náà.

Dúpẹ́ sin pẹ́pẹ́yẹ yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń tọ́ ọmọ. Lójú ọ̀nà odò, ikán ló ń wá kiri fún wọn. Èmi àti àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ ká sun ẹyin kan péré, kò gbà. Lọ́jọ́ tí ọbẹ̀ wa kò lẹ́ja rárá, òun náà wo àwọn ẹyin yẹn, ó fi ata lásán gbé òkèlè rẹ̀ mì.

Àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà pọ̀ títí wọ́n fi gba ẹ̀yìnkùlé. Ilé ẹ̀kọ́ kù díẹ̀ kó wọlé ni ẹgbẹ́ bàbá mi fi í ṣe olórí wọn. Obì àti ẹmu ni wọ́n máa ń fi ṣe irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó pa ohunkóhun. Ṣùgbọ́n Bàbá fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ayẹyẹ tirẹ̀ dé Òde-Ìrẹ̀lẹ̀. Nígbà tí a ti odò tí a ti lọ rẹ ẹ̀gẹ́ dé, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló kún àgbàlá.

Dúpẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n ní sùúrù.”

“Sùúrù náà ni kí o tún ní,” ni Bàbá dáhùn. “Ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà.”

Àwọn àlejò jẹ, wọ́n pọ́nwọ́ lá. Wọ́n fún àwa náà jẹ. Dúpẹ́ kò fọwọ́ kàn án. Ọdún tó ń bọ̀ dé, kò bá mọ́dà wá. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n mú un lọ ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ àkàrà, ìbáà jẹ́ owó iṣẹ́, ilẹ̀ kì í ṣú bá a. Bàbá wá ń sọ fáráyé pé ọmọ òun yìí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Títí Bàbá fi kú, kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu lọ́jọ́ tó gbé ọ̀bẹ sí ọrùn ohun olóhun.

Lónìí, ẹ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ń sọ pé àwọn ọmọ ìwòyí kò lè dúró, pé ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀, pé àwa ní sùúrù láyé tiwa. Sùúrù wo? Ẹgba la ń bẹ̀rù. Ọmọ ìwòyí ti rí i pé ẹni tó dúró kì í bá nǹkan, ó sì ń mú tirẹ̀ lọ. Kí ẹ tó bá a wí, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó dúró dè yín rí nínú àwọn ọmọ yín, kí ẹ bi í léèrè ohun tó bá.