Òòrùn Kò Sí Nínú Ìgbìmọ̀

Èmi ni mo kọ ọ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ìyẹn ná. Nínú ìwé ètò ìṣínu ogúnjọ́ oṣù Ràmàdáánì, tí a tẹ̀ sórí bébà tó ń dán, èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Ládánì yóò pe ìrun. Lásìkò náà, aago méje ku ìṣẹ́jú méje ni òòrùn ń wọ̀ ní Monrovia. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ka ìwé dé yunifásítì, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń ronú. Síbẹ̀ mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí òòrùn ní sùúrù de Alhaji kan.

Clara Town ni mọ́sálááṣí wa wà, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe. Àwa Yorùbá tí a ń kírun níbẹ̀ kò pọ̀: oníṣòwò, téèlọ̀, awakọ̀, àti àwọn tí wọ́n bí síbí tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Liberia dá wa lóhùn. Bí a ṣe kéré tó yìí, ìgbìmọ̀ mẹ́rin ni a ní. A ní Alága, a ní igbákejì Alága, a ní olùrànlọ́wọ́ igbákejì. Ẹni tí kò bá ní oyè ní mọ́sálááṣí wa, àlejò ni. Èmi ni akọ̀wé. Sékítérì ni wọ́n ń pè mí, inú mi sì máa ń dùn bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ purọ́ sí?

Lọ́dọọdún ni ìgbìmọ̀ Ràmàdáánì máa ń yan àkòrí kan fún wáàsí oṣù àwẹ̀. Ti ọdún náà ni "Bí A Ṣe Lè Jèrè Oṣù Alápọ̀nlé". Lèmọ́mù wa, èèyàn jẹ́jẹ́, fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣàlàyé rẹ̀ láìyọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní kí a dín ọ̀rọ̀ kù, kí a máa ka Kùránì, kí a bojú wo aládùúgbò tí kò rí jẹ. Ó ní bí òòrùn bá ti wọ̀, kí a má fi ìṣínu falẹ̀, nítorí pé bí Ànábì ṣe kọ́ wa nìyẹn. Alága jókòó sí iwájú, ó ń mirí. Ẹni tó bá wò ó yóò rò pé ó ń gbọ́.

Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni Alága ń tà. Ó lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, lójú ara rẹ̀, kò sì tíì dé láti ibẹ̀. Òun ló bá wa rí Alhaji kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Paynesville, tó ní òun yóò fún gbogbo jámáà lóúnjẹ ìṣínu lọ́jọ́ kan. Ohun tí Alhaji ń fẹ́ ni kí a fi òun joyè Bàbá Àdínì lẹ́yìn ọdún Ìtúnu. Nítorí náà fọ́tò gbọ́dọ̀ wà. Nínú fọ́tò náà, Alhaji yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé dàbínù àkọ́kọ́ lé Lèmọ́mù lọ́wọ́, Ládánì yóò pe ìrun, gbogbo wa yóò wá ṣínu lójú kámẹ́rà. Kí Alhaji tó dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sẹ́nu.

Ẹnì kan bi Alága ní mítíìnì pé bí Alhaji bá wá pẹ́ ńkọ́. Alága ní ẹni ńlá kì í pẹ́, àwọn yòókù ló máa ń tètè dé. A rẹ́rìn-ín. Lèmọ́mù ní ó yẹ kí a tún ọ̀rọ̀ náà wò, ó bá húkọ́, ó sì tún fìlà rẹ̀ dé. Inú yàrá kan lẹ́yìn mọ́sálááṣí ni ó ń gbé, Alága ló kan páànù rẹ̀. Èmi ń kọ àkọsílẹ̀ mítíìnì. Wọ́n wá ní kí n lọ sọ ọ́ fún Ládánì.

Nígbà ogun ni Ládánì, bàbá arúgbó kan, wá sí Liberia, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó wá pẹ̀tù sí ìjà. Kì í ṣe sójà, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ wọn ṣe ni. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ó ti fẹ́ ìyàwó síbí, ó dúró. Ìyàwó náà ti kú, àwọn ọmọ ti tú ká. Ó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí mọ́sálááṣí, ó sì ń pe ìrun márààrún lójúmọ́. Ìyẹn nìkan ló kù tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ó ní bí ó ṣe ń ṣe é nígbà àwẹ̀. Yóò lọ sí ẹ̀yìn mọ́sálááṣí, níbi tí àlàfo kan wà láàárín ògiri páànù méjì tí ojú ọ̀run apá òkun ti hàn. Yóò wo ọ̀run, yóò wo aago ọwọ́ rẹ̀, yóò tún wo ọ̀run. Yóò wá mu omi díẹ̀, yóò wọlé, yóò pè. Ó máa ń sọ pé nítorí àwọn tí kò gba òun gbọ́ ni òun ṣe ń wo aago. Kò sí ẹni tó máa ń fi nǹkan sẹ́nu ní mọ́sálááṣí wa kí ó tó pè, bí gbogbo ìlú tilẹ̀ ti ń jẹun.

Mo bá a tó ti ọwọ́ bọ inú jẹnẹrétọ̀ kan. Mo fi gírámà yí ọ̀rọ̀ náà po: mo ní àtúnṣe díẹ̀ ni, mo ní nítorí kí ètò lè lọ létòlétò ni. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Sékítérì, ta ni ẹ rán sí òòrùn?"

Mo ní Bàbá, ọjọ́ kan péré ni. Kò gbé ojú sókè. Ó sọ fún mi pé nígbà ogun, sájẹ́ńtì kan wà ní bárékè wọn, Kìrìsìtẹ́nì, tí kò gba àwẹ̀ rí láyé rẹ̀. Bí àwọn mẹkáníìkì Mùsùlùmí bá wà lábẹ́ ọkọ̀ nínú gírísì, sájẹ́ńtì yìí ló máa ń bá wọn ṣọ́ ojú ọ̀run. Bí òòrùn bá ti wọ̀ báyìí, yóò gbé omi wá, yóò nà án sí wọn lábẹ́ ọkọ̀, ìbọn ìbáà máa dún.

"Kò dá wa dúró lọ́jọ́ kan rí. Ẹ̀yin ẹ wá fẹ́ dá wa dúró nítorí fọ́tò."

Mo wá jíṣẹ́ tó kù: Alága ní bí Ládánì bá pe ìrun kí Alhaji tó dé, ẹlòmíràn ni yóò máa pè é láti ọjọ́ kejì. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ó fi àkísà nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ni èmi sọ ní mítíìnì. Mo ní àkọsílẹ̀ ni mò ń kọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ti ọwọ́ rẹ̀ padà sínú jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí ogúnjọ́ pé, a gbé pátákó aláṣọ kọ́ síwájú mọ́sálááṣí. Ojú Alhaji ló gba ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwòrán oṣù lẹ́ẹ̀lẹ́ inú pátákó náà rọra yọ lẹ́yìn fìlà rẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Èrò kún. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ gúnlẹ̀, àwọn obìnrin ti ọjà dé pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìrẹsì wà nínú kúlà lábẹ́ ìbòòji, òórùn rẹ̀ ń bá wa wí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí òòrùn wọ̀, Alága pe Alhaji, Alhaji ní òun ti dé orí afárá. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kejì, Alhaji ní òun ti ń jáde nílé.

Ládánì lọ sí ibi àlàfo rẹ̀. Kí ó tó padà, fóònù obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun nínú báàgì rẹ̀. Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Láìpẹ́ fóònù bíi mẹ́wàá ń pe ìrun láti inú àpò àti abẹ́ gèlè. Alága dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yín. A ṣì wà lórí ètò."

Wọ́n pa á. Mo fi ojú mi rí mọ́sálááṣí tó kún fún Mùsùlùmí, tí wọ́n ń pa ìpè ìrun lẹ́nu mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni kò mu ún. Ohùn bàbá náà ni wọ́n ń dúró dè.

Ó wọlé. Kò tíì mu omi tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló wá tààrà, nítorí ọwọ́ mi ni máìkì wà, ó sì na ọwọ́. Mo wo Alága. Alága mi orí pé rárá. Mo di máìkì mú. Títí di òní, bí mo bá rántí bí mo ṣe di nǹkan náà mú bí akọ̀pẹ ti ń di igbà rẹ̀ mú, ojú ara mi máa ń tì mí.

Alága fi ẹ̀rín sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, bí ẹni ń fúnni lẹ́bùn. "Bàbá, bí ẹ bá pè é, ẹ kì í ṣe Ládánì mọ́."

"Alága, ṣé ìwọ ni mò ń pè é fún tẹ́lẹ̀?"

Ó jáde. Ó gun orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan tó ti kú síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ bo etí, ó pè. Òǹgbẹ ti ha ohùn rẹ̀, ó sán níbẹ̀rẹ̀, ó sì wá là. Gbogbo ife lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Lèmọ́mù mu. Alága náà mu. Ó kọjú sí ògiri, ó rò pé a kò rí òun. Èmi nìkan ni n kò mu. Máìkì gba ọwọ́ mi.

A ti kírun tán, dàbínù ti tán lẹ́nu, kí Alhaji tó dé. Mo rò pé ìtìjú yóò mú wa wàyí. Alága ní kí a tún un ṣe. Wọ́n ní kí èrò padà sórí ẹní, wọ́n pín dàbínù lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí ẹni tó bá ń jẹun gbé e mì. Wọ́n ní kí Ládánì tún un pè, ó ní òun kì í pe ìrun tí òun ti kí. Àna Alága, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ló gba máìkì lọ́wọ́ mi. Fún un, mo jọ̀wọ́ rẹ̀ kíákíá. Ó pe ìrun tí a ti kí tán. Ayàwòrán ní kí a ṣojú bí ẹni tí ebi ń pa. Mo wà nínú fọ́tò náà lápá òsì, dàbínù ẹlẹ́ẹ̀kejì wà lẹ́nu mi. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run hàn lójú mi dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ àti ìsinmi fún Ládánì. Mo kọ ọ́. Gírámà rẹ̀ dán. Èmi náà ni mo mú un lọ, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Bàbá gba àpòòwé, kò tú u. Ó wo ojú rẹ̀, ó wá fi í sí abẹ́ jẹnẹrétọ̀ kan tí ọ́ìlì ń kán lára rẹ̀, ó ní ó tó láti gba ọ́ìlì náà. Ó gbé àga kan fún mi. Mo jókòó.

Ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú búrẹ́dì àti omi lọ́wọ́, àwọn ọmọ ilẹ̀ Liberia pẹ̀lú Yorùbá tiwa mélòó kan. Obìnrin kan tó pa fóònù rẹ̀ lánàá wà láàárín wọn. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Ọwọ́ bàbá ni wọ́n ń wò. Ó wo ọ̀run, ó wo aago rẹ̀, ó tún wo ọ̀run. Ó gbé ife rẹ̀ sókè, gbogbo wọn sì gbé tiwọn.

Ó na ife kan sí mi. Ó di í mú díẹ̀ kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Sékítérì, ṣé Alága ti fọwọ́ sí i?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹ̀rín rín, ṣùgbọ́n mo gba ife náà, mo mu ún. A ti mu omi wa tán, búrẹ́dì ti dé ìdajì, kí máìkì mọ́sálááṣí tó dún. Kì í ṣe ìpè ìrun. Alága ló ń kí àlejò pàtàkì ọjọ́ náà káàbọ̀.