Baba Mi Rò Pé Mo Ti Wo Ọkàn Òun Sàn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fẹjọ́ ara mi sùn yín lónìí. Ẹnu mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá baba mi.

Iṣẹ́ ekográfì ni mo ń ṣe ní Bassila. Ẹ mọ masínì tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú aboyún? Òun náà la fi ń wo ọkàn. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Manigri nilé wa. Baba mi ń gbin iṣu níbẹ̀, ó sì ní oko kájú. Lọ́dún tó kọjá, bó bá rìn díẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, kò sì lágbára tó mọ́. Ó fún un ní kọ̀mpírímé, ìyẹn oògùn oníhóró, tí yóò máa lò lójoojúmọ́, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mókun.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo ní kó wá sí Bassila kí n tún un wò. Mo fi jẹ́lì tútù pa á láyà, mo gbé masínì lé e. Ohun tí mo rí dùn mọ́ mi: ọkàn rẹ̀ ti ń lágbára sí i.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, mo lọ kí wọn nílé. Nígbà tá a jẹun ọ̀sán tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan kan tí mo kà. Mo ní àwọn onímọ̀ ń ṣe ìfófò tó kéré débi pé ó lè gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kọjá. Wọ́n á di jíìnì mọ́ ọn, ìyẹn ohun tó ń sọ fún ara bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Wọ́n á gún un sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá dé ibi tó ń ṣàìsàn, irú ìró tí masínì mi ń lò, tí etí kì í gbọ́, ni wọ́n á fi bẹ́ ẹ, jíìnì á sì wọlé síbẹ̀.

Ìyá mi ní kò yé òun. Mo ní kó wò ó bí ọkọ̀ tó kó iṣu ní Manigri, tí kò já ẹyọ kan sílẹ̀ àfi ìgbà tó dé Pénéssoulou. Ó rẹ́rìn-ín, ó ló ti yé òun. Baba kàn ń mi orí.

Ṣé mo sọ fún wọn pé wọ́n ṣì ń dán an wò, pé ara eku ni wọ́n ti ń dán ọ̀pọ̀ rẹ̀ wò? Mi ò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi jù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá mi pè mí. Ó ní ẹsẹ̀ Baba ti wú, kò wọ bàtà mọ́, orí ìjókòó ló sì ń sùn. Mo gun ọ̀kadà zémì lọ kíá.

Mo bá a níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀, mo fìka tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ sì jin wọnú. Mo béèrè kọ̀mpírímé rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti fi í sílẹ̀."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, Baba?"

"Ṣé ìwọ Ráfíà kọ́ ni? Ṣebí o ti fi ìfófò yẹn sí mi láyà ní Bassila. Mo fojú mi rí i nínú nǹkan tútù tí o fi pa mí lára."

Mo jókòó sílẹ̀. Jẹ́lì ló ń sọ! Bí n bá fún un jáde látinú ike, afẹ́fẹ́ máa ń hó bí ìfófò díẹ̀ nínú rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, baba mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ òun ti wo òun sàn.

Mo ní, "Baba, ẹ dárí jì mí. Jẹ́lì yẹn kì í ṣe oògùn, ó kàn ń jẹ́ kí masínì ríran ni. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, a ò ní in ní Bassila. Àwọn tó ń ṣe é gan-an ò tíì parí rẹ̀."

Ó ní, "O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Òótọ́ ló sọ.

A gbé e lọ sí lópítà. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n fún un ní oògùn tó ń fa omi kúrò lára, wọ́n sì dá a padà sórí kọ̀mpírímé rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ò wú mọ́. Lọ́jọ́ tó máa lọ sílé, ó bi mí bóyá nǹkan ìfófò yẹn á dé lójú ayé òun. Mo ní mi ò mọ̀, àmọ́ kọ̀mpírímé ni kó fi máa dúró dè é. Ó la ọwọ́ sílẹ̀, ó ní, "Gbé tòní wá."

Mo ṣì gbà gbọ́ pé ìfófò yẹn á wúlò fún ọmọ aráyé, mo sì ń sọ nípa rẹ̀ fẹ́ni tó bá béèrè. Àmọ́ kí n tó sọ ohun tó lè ṣe, mo máa ń kọ́kọ́ sọ ibi tí iṣẹ́ dé lórí rẹ̀. Ẹni tó mọ nǹkan gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí ẹni tó ń gbọ́ ọ mú lọ sílé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni nínú yín tí inú rẹ̀ kì í dùn láti sọ ohun tó mọ̀? Ọ̀rọ̀ wo lẹ sọ pẹ̀lú ọkàn rere, tí ẹlòmíì gbọ́ sódì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Baba mi ní kí n máa kà á fún òun.