Àga Tí Lọ́yà Wa Máa Ń Kí

Bí àga adájọ́ tilẹ̀ ṣófo, lọ́yà wa a máa tẹrí ba fún un.

"Ta lẹ ń kí?" ni mo bi í.

"Agbára tó ń jókòó síbẹ̀ ni, Màmá."

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Gwagwalada ló lé ọmọbìnrin mi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga fagi lé ìpinnu náà. Inú ọmọ mi dùn, ó pàtẹ́wọ́ nínú kóòtù. Adájọ́ kan náà ní òun lè rán an lọ sẹ́wọ̀n fún títàbùkù kóòtù. Lọ́yà tẹrí ba, ó bẹ̀bẹ̀ títí adájọ́ fi dárí jì í.

Ó ṣì rú mi lójú bí ẹnu tó gbà á sílẹ̀ ṣe fẹ́ tì í mọ́lé.

Nígbà tí adájọ́ jáde, lọ́yà tún tẹrí ba fún àga. Mo fa ọmọ mi, àwa méjèèjì kúnlẹ̀.

"Màmá, adájọ́ ti lọ," ni lọ́yà wí.

"Mo rí i," ni mo fèsì. N kò dìde.