Ìdúpẹ́ Ẹni Tí Kò Kú

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ àlàáfíà bíi tàwọn oníwàásù orí rédíò, tí wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń pín súìtì fọ́mọdé. Àkókó ni mo ti wá, iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé Odigbo, ilé kan náà lèmi àti Màmá sì ń gbé, Cecilia lorúkọ ìsàmì tiwọn. Mo mọ ohun tójú wọn rí kí àlàáfíà tó kàn wọ́n.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Olúwapamílẹ́rìnayọ̀. Ọmọ náà ń padà sílé ìwé nígbà tí bọ́ọ̀sì tó wọ̀ ní gáréèjì Ore gbókìtì lójú ọ̀nà Èkó. Gbogbo èrò inú rẹ̀ ló kú. Dẹ́rẹ́bà nìkan ló yè. Olúfúnṣọ́ lorúkọ dẹ́rẹ́bà yìí, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni gbogbo wa sì ń lọ.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ ìjàǹbá náà bá ti yípo, Olúfúnṣọ́ á ṣe ìdúpẹ́. Á wọ aṣọ tuntun, á gba màíìkì, á ní: "Ẹ bá mi yin Olúwa! Gbogbo wọn kú, èmi nìkan ló yọ, kò sí ojú ọgbẹ́ kan lára mi!" Ìjọ á pariwo halelúyà, wọ́n á bá a jó dé iwájú pẹpẹ. Kò burú kéèyàn dúpẹ́ ẹ̀mí rẹ̀. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ tó kú jókòó síbẹ̀, ojú ò sì ti ẹnì kankan!

Lọ́dún àkọ́kọ́, Màmá dìde, wọ́n jáde. Lọ́dún kejì, oko ẹ̀gẹ́ wọn lọ́nà Ajue ni wọ́n gbà lọ. Àwọn ìyá ìjọ ní wọn ò lẹ́mìí ìdáríjì. Pásítọ̀ wá sílé, ó ní: "Màmá, àlàáfíà Kristi ò lè gbé inú ọkàn tó ń bínú." Màmá fún un lómi. Ó mu ún tán, ó lọ. Díẹ̀ ló kù kí n sọ kọ́ọ̀pù tẹ̀ lé e.

Òótọ́ ni pé ìbínú náà ń jẹ wọ́n. Wọn kì í sùn, gàrí á jóná mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń bẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n ní:

"Tíṣà, ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run kó mú ìbínú yìí kúrò. Láàárọ̀ yìí, mo bú u. Mo ní, ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún Olúfúnṣọ́, kí ló dé tóo tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi?"

"Ẹ̀yin, Màmá! Kí ló wá sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò lé mi. Mo bú Ọlọ́run, kò lé mi. Mo bá jókòó tì í."

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti ń kùn wọ́n. Ẹkún ò tán o, àmọ́ tí wọ́n bá sunkún tán, wọ́n á jẹun.

Nígbà tí ọjọ́ ìdúpẹ́ tún pé, wọ́n ní àwọn máa lọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Olúfúnṣọ́ sọ tẹnu rẹ̀, ìlù bẹ̀rẹ̀. Màmá bá dìde. Ìlù dákẹ́.

"Olúfúnṣọ́, Ọlọ́run tó yọ ọ́ náà ló fún mi ní Pamílẹ́rìn. Èmi náà wá dúpẹ́ ọmọ mi. Mo ti dárí jì ọ́. Wá, jẹ́ ká jọ jó."

Wọ́n na ọwọ́ sí i. Olúfúnṣọ́ wo ọwọ́ náà, ó wá gbójú wo ilẹ̀. Ó gbé màíìkì lé orí àga, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Kò sẹ́ni tó kọrin. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ síwájú láìsí ìlù, èmi nìkan ló sì tẹ̀ lé wọn. Ìbínú ló gbé mi dìde, kì í ṣe Ẹ̀mí Mímọ́.

Ìjọ ní Màmá dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Olúfúnṣọ́ ti gba ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn lọ ní Ore, mo gbọ́ pé ibẹ̀ ló ti ń ṣe ìdúpẹ́ báyìí. Àwọn ìyá ìjọ kì í kí Màmá dáadáa mọ́. Kò dun Màmá. Èmi ló ń dùn.

Àràárọ̀ la jọ ń gbàdúrà. Màmá máa ń dárúkọ Olúfúnṣọ́, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ, kó ṣọ́ ọ bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣàdúrà fún ọmọ tí wọ́n bí. Gbogbo àdúrà yòókù ni mo ń ṣe àmín sí. Èyí nìkan lẹnu mi ò tíì gbà.